Lesotho, ìjọba kékeré orí òkè: ẹ gbà wá nímọ̀ràn kí a tó gbéra

Arìnrìnàjò Ìbàdàn

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ wo Lesotho lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù yóò wá pàdé wa níbẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni àwa méjèèjì ń lò, ti Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀gbọ́n wa ń lò. Ó ti pẹ́ tí ilẹ̀ yìí ti ń wù mí: ọba wọn, Letsie III, wà lórí ìtẹ́, òkè lọ́tùn-ún lósì, àwọn ará abúlé ṣì ń gun ẹṣin lọ sọ́jà. Báwo ni ọ̀rọ̀ físà ṣe rí? Ṣé kí a háyà mọ́tò ni? Oṣù wo ló dára jù? Òtútù ńkọ́, torí ọyẹ́ ilé lásán ń da ìyàwó mi láàmú? Mo tún gbọ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń yà síbẹ̀ fún ọjọ́ kan láti Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n á sì padà. Ṣé ọjọ́ kan tó?

Ọmọ Ẹ̀gbá Joburg

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra. Ẹ jẹ́ kí n ti ìparí ìbéèrè yín bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ kan kò tó rárá. Ẹni tó bá yà síbẹ̀ fún ọjọ́ kan, títì àti ilé ìtajà Maseru, olú ìlú wọn, ló rí. Lesotho gan-an wà lókè lọ́hùn-ún, ó sì gba sùúrù kí èèyàn tó débẹ̀. Bí ẹ kò bá ní lè sùn níbẹ̀ fún òru mẹ́rin ó kéré tán, ẹ tọ́jú owó yín di ìgbà tí ẹ máa ráyè.

Físà wàyí. Gúúsù Áfíríkà ló yí Lesotho po, kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó bá a pààlà. Àwa tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà méjì, ti Gúúsù Áfíríkà àti ti Lesotho fúnra rẹ̀. Ibi tí èèyàn púpọ̀ ti ń kó sí wàhálà ni pé físà Gúúsù Áfíríkà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó gbà yín láàyè láti wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ẹ bá gba ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹ bá ti sọdá sí Maseru báyìí, ẹ ti lò ó tán, ẹ ò sì ní rí ọ̀nà padà dé pápákọ̀ òfurufú Joburg. Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé ilé àlejò tí ẹ ti gbà ní Lesotho tì í lẹ́yìn, kí wọ́n lè rí ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹ bi ilé iṣẹ́ aṣojú Lesotho léèrè ní tààrà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí òfin físà kì í dúró lójú kan.

Ẹ tún wo ojú ewé tó ṣófo nínú pásípọ́ọ̀tù yín. Ẹni tó bá gba orí ilẹ̀ wọ Lesotho tó sì gba orí ilẹ̀ jáde yóò gba òǹtẹ̀ mẹ́fà: méjì ti ìwọlé sí Gúúsù Áfíríkà, méjì ti ìjáde, méjì ti Lesotho. Ìwé tó ti kún lè dá yín dúró.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín kò nílò físà fún ìkankan nínú méjèèjì láti lọ ṣe àbẹ̀wò ráńpẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wo iye ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bọ́dà bá kọ sínú òǹtẹ̀ náà kí wọ́n tó kúrò níwájú kàǹtà. Bí iye náà kò bá tó, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Òṣogbo

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n Joburg. Ẹ fi yẹ́lò káàdì kún un. Láti Nàìjíríà, ẹ ò lè wọ Gúúsù Áfíríkà láìní in lọ́wọ́, Lesotho náà sì lè béèrè rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 lára yín kó tó di pé wọ́n kà á sí. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìrìn àjò.

Kò sí ibà ẹ̀fọn ní Lesotho. Gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ ló ga ju mítà 1,000 lọ sókè òkun, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tó rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó rẹlẹ̀ jù níbẹ̀ gan-an tó bíi mítà 1,400. Ṣùgbọ́n bí ibà bá mú yín lẹ́yìn tí ẹ dé ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ilé ni ẹ ti gbé e lọ, torí náà ẹ sọ fún dókítà pé Nàìjíríà lẹ ti wá, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbàgbé èyí.

Gíga ilẹ̀ yìí ló ń fa ohun méjì mìíràn. Èémí á máa tètè tán bí ẹ bá ń gun òkè, ẹ rìn pẹ̀lẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa mu omi. Oòrùn ibẹ̀ sì ń jó awọ ara bí òtútù tilẹ̀ wà, àwa aláwọ̀ dúdú náà. Ẹ gbé fìlà, ìpara ètè àti ìpara oòrùn dání.

Olùkọ́ Roma Nígbà Kan

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àpérò. Mo ṣe olùkọ́ ní yunifásítì wọn tó wà ní Roma kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ràn àwọn èèyàn náà dọ́kàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò sí nínú ìwé físà.

Ẹ kí wọn kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ilé epo, bí ẹ bá pàdé ẹni tó ń da àgùntàn, bí ẹ bá fẹ́ bi ẹnì kan pé ibo ni ọ̀nà wà, ìkíni ló ṣáájú. Ní Sesotho, èdè wọn, àgbà ọkùnrin ni *ntate*, àgbà obìnrin ni *'m'e*, ẹ má pe orúkọ wọn lásán. Ẹ sọ pé *Lumela, ntate*, kí ẹ dúró kó dáhùn, kí ẹ béèrè àlàáfíà rẹ̀, *U phela joang?* Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Bí wọ́n bá ṣe yín lóore, *Kea leboha* ni kí ẹ fi dúpẹ́. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Ìwà yìí máa ń ṣí ilẹ̀kùn tí owó kò lè ṣí. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gba ohun tí àgbà bá fún yín.

Ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ ni Thaba Bosiu, kò jìnnà sí Maseru. Òkè olórí pẹrẹsẹ ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, ọ̀nà tó gun orí rẹ̀ kò pọ̀. Ní 1824 ni Moshoeshoe kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Butha-Buthe wá síbẹ̀, nígbà tí ogun àti ìyàn ń da gbogbo ilẹ̀ náà rú. Lójú ọ̀nà, àwọn tí ìyàn ti sọ di ajẹnìyàn mú Peete, bàbá bàbá rẹ̀, wọ́n sì pa á jẹ. Nígbà tí ọwọ́ tẹ àwọn ajẹnìyàn wọ̀nyí, gbogbo èèyàn retí pé ọba yóò pa wọ́n. Ó ní ikùn wọn ni sàréè bàbá àgbà òun, kò sì yẹ kí èèyàn ba sàréè jẹ́. Ó ní kí wọ́n ṣe ètùtù ìwẹ̀nùmọ́ fún wọn, ó fún wọn ní ilẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn. Bí ó ṣe kó orílẹ̀-èdè jọ nìyẹn: ó ń gba ẹni tí ogun lé, ó sì ń gba ẹni tó ti ṣẹ̀ ẹ́.

Àwọn Boer, àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun ìran Dutch, gbógun ti òkè yìí nínú ogun ọdún 1865, wọn kò rí i gbà, ibẹ̀ ni ọ̀gágun wọn Louw Wepener kú sí. Ilẹ̀ ọ̀gbìn tí wọ́n gbà kò padà bọ̀ mọ́, ìdí nìyí tí ọba fi wá ààbò lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1868. Ó wàjà ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1870, ọjọ́ náà sì ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí rẹ̀ lọ́dọọdún. Òmìnira dé ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1966. Sàréè Moshoeshoe wà lórí òkè náà pẹ̀lú ti àwọn ọba mìíràn. Ẹ gba amọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń gba owó ìwọlé, kí ó fẹsẹ̀ mú yín gòkè. Ẹ má fi orí òkè yẹn ṣe ibi eré. Ibi ìsìnkú ọba ni.

Ohun kan tún kù tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Bí ẹ bá rí ahéré tó dá wà lórí òkè tí wọ́n ta àsíá sí, tàbí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó fi ẹfun tàbí osùn kun ara tí wọ́n ń kọrin lọ, àwọn tó wà nínú *lebollo* ni, ilé ìkọ́ni ìsọdàgbà. Ẹ má sún mọ́ wọn, ẹ má ya fọ́tò, ẹ má bi ẹnikẹ́ni ní ohun tó ń lọ níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún Orò nílé kò nílò àlàyé ju èyí lọ.

Arìnrìnàjò Ìbàdàn

Bàbá, ẹ ṣé gan-an, ẹ̀mí yín á gùn. Ìyàwó mi ka ìtàn Peete, ó ní Thaba Bosiu ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Ẹ rántí pé ìgbà wọn yí padà sí ti Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni òtútù wọn. Ní Maseru, òru a máa dì, lórí òkè sì ni yìnyín ti ń bo ilẹ̀. Àwọn tó fẹ́ fi igi yọ̀ lórí yìnyín ń lọ sí Afriski, lẹ́bàá Oxbow, lásìkò yẹn. Oṣù kẹwàá sí ìkẹrin ni òjò, ààrá ibẹ̀ sì le. Bí ẹ bá gbọ́ ààrá lọ́sàn-án, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, ẹ kúrò ní góńgó òkè.

Èmi yóò ní kí ẹ lọ ní ìparí oṣù kẹjọ wọ oṣù kẹsàn-án. Ìgbà yẹn ni igi píìsì ń tanná ní gbogbo ìsàlẹ̀ ilẹ̀, àgbàlá kọ̀ọ̀kan á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ilẹ̀ gbẹ, ọ̀nà sì dára.

Ní ti òtútù, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí ẹ wọ̀ lé ara wọn dára ju ẹ̀wù ńlá kan lọ. Kí ìyàwó yín ra bùláńkẹ́ẹ̀tì Basotho, ìyẹn àwọn ará Lesotho, ní Maseru ní ọjọ́ tí ẹ bá dé. Irun àgùntàn ni, tọmọdé tàgbà ló ń fi í bora, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń tà fún àlejò nìkan. Àwọn ọkùnrin ń fi pín-ìn-nì mú un ní èjìká ọ̀tún, obìnrin ní àyà. Èyí tó níyì jù ni *Seanamarena*, owó rẹ̀ sì wọ́n, ṣùgbọ́n yóò bá yín dalẹ́.

Agẹṣin Ìlọrin

Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, ẹ jẹ́ kí n ta ko oṣù kẹjọ díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí omi Maletsunyane ní Semonkong, kó lọ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Omi yẹn ń já láti orí àpáta fún mítà 192 láìfara kan nǹkan. Lẹ́yìn òjò, ó ń hó, ìkùukùu rẹ̀ ń gòkè wá bá èèyàn létí àfonífojì. Ní àsìkò ẹ̀rùn, ó lè tín-ín-rín, bí òtútù bá sì mú gan-an ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dì. Méjèèjì ló rẹwà, àmọ́ ti oṣù kẹta ni mo ń bá yín wá. Àwọn tí àyà wọn gbóyà ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi náà, mítà 204 ni; ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n fi ń kọ́ yín.

Ẹ gun ẹṣin! Ẹṣin Basotho kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dájú lórí òkúta ju ti èèyàn lọ. Mo dàgbà sídìí ẹṣin ní Ìlọrin, àmọ́ n kò tíì rí ẹṣin tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ báyẹn rí. Ẹ fi ìjánu sílẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà. Ní Semonkong àti Malealea, àwọn ará abúlé ló ni ẹṣin, àwọn náà ló ń ṣe amọ̀nà, ilé àlejò ló kàn ń bá yín ṣètò. Ẹ béèrè ìrìn ọjọ́ méjì tí ẹ máa sùn ní abúlé. Ahéré tí wọ́n fi koríko bò ni, omi gbígbóná lè má sí, iná mọ̀nàmọ́ná lè má sí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé. Bí aya yín kò bá fẹ́ gun ẹṣin, ó lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi omi Maletsunyane láti ìlú.

Bí ẹ bá ń rìn lórí òkè, ẹ ṣọ́ra fún ajá àwọn darandaran. Ẹ dúró lókèèrè, ẹ ké sí ọmọ tó ń da ẹran, òun ni yóò pe ajá rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá Joburg

Ọ̀rọ̀ mọ́tò. Ìwọ̀n kìlómítà 400 ni Joburg sí Maseru. Bí ẹ bá háyà mọ́tò ní Gúúsù Áfíríkà, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ni ín pé ẹ láṣẹ láti gbé e sọdá, wọ́n ń gba owó lé e lórí. Láìsí lẹ́tà yẹn, wọ́n á dá yín padà ní bọ́dà. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wà ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, torí náà ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù wa ìdajì àkọ́kọ́.

Ọ̀dà ni ọ̀nà Maseru sí Semonkong, ó gba ìtòsí Thaba Bosiu, ó sì gba Roma kọjá, mọ́tò kékeré ń lọ ọ́. Ṣùgbọ́n màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ẹlẹ́ṣin ń rìn lórí títì, kọ́nà rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ má wakọ̀ lálẹ́. Ẹ ra epo kún inú táǹkì ní ìlú ńlá kí ẹ tó gòkè. Bí yìnyín bá já, ẹ dúró síbi tí ẹ wà.

Sani Pass tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀ ńkọ́? Láti KwaZulu-Natal ní Gúúsù Áfíríkà, jíìpù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà nìkan ni wọ́n ń gbà láàyè, ọ̀nà náà sì ń gun dé mítà 2,876. Ó rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ àwọn tó ń gòkè níbẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n mu ọtí kan ní ilé ọtí orí òkè, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án, àwọn gan-an ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo sọ pé ọjọ́ kan kò tó. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ wọlé, ẹ tẹ̀ síwájú dé Mokhotlong.

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹni tó bá ní ọjọ́ tó pọ̀, kó gba apá àríwá dé Katse. Dáàmù yẹn ga ní mítà 185, láàárín òkè tí kò sí nǹkan mìíràn. Omi rẹ̀ ni wọ́n ń fi ihò inú òkè rán lọ sí ẹkùn Joburg láti 1998, Gúúsù Áfíríkà sì ń san owó rẹ̀ fún Lesotho. Ọ̀nà ibẹ̀ ń gba orí Mafika Lisiu kọjá, ó ga ju mítà 3,000 lọ. Ẹ yà ní Teyateyaneng lọ wo àwọn obìnrin tó ń hun aṣọ ara ògiri láti irun ewúrẹ́, kí ẹ sì lọ sí Ha Kome, níbi tí ìdílé ṣì ń gbé nínú ilé amọ̀ tí wọ́n mọ sábẹ́ àpáta.

Bí ọmọdé bá na ewéko kan sí yín lẹ́bàá ọ̀nà, tí ewé rẹ̀ yí po bí ìgbín, ẹ má rà á. Aloe tí kò sí níbòmíràn ju Lesotho lọ ni, òfin dáàbò bò ó, wọ́n ń tu ú tán lórí òkè. Ọgbà ewéko wà ní Katse tí ẹ ti lè wò ó dáadáa. Àwọn ọmọ náà á máa béèrè súìtì àti owó. Mo mọ̀ pé àánú á ṣe yín, ṣùgbọ́n ẹ má fún wọn lójú ọ̀nà, torí àwọn kan ti ń sá kúrò nílé ìwé tìtorí mọ́tò àlejò. Ẹ kó ìwé àti bírò lọ fún ọ̀gá ilé ìwé abúlé.

Arìnrìnàjò Ìbàdàn

Owó, oúnjẹ àti fóònù ló kù, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Ẹ̀gbá Joburg

Ẹ kó rand lọ. Loti wọn àti rand dọ́gba, wọ́n sì ń gba méjèèjì káàkiri Lesotho, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sọdá, kò sẹ́ni tó máa gba loti lọ́wọ́ yín ní Gúúsù Áfíríkà. Ẹ ní kí wọ́n fi rand ṣe ṣéńjì yín bí ọjọ́ ìpadà bá ti ń sún mọ́. Lórí òkè, owó lọ́wọ́ ni, ẹ̀rọ ATM wà ní ìlú. Síìmù Vodacom Lesotho tàbí Econet ni kí ẹ rà, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání. Ihò iná wọn gba pọ́lọ́ọ̀gì onírin róbótó ńláńlá mẹ́ta, ẹ ra ohun tí ẹ máa fi so tiyín mọ́ ọn ní Joburg. Ní Maseru, ẹ má fẹsẹ̀ rìn lálẹ́, ẹ ní kí ilé àlejò pe takisí fún yín.

Olùkọ́ Roma Nígbà Kan

Oúnjẹ wọn ni *papa*, òkèlè àgbàdo funfun tó le, pẹ̀lú *moroho*, ẹ̀fọ́ gígé, àti ẹran bí ó bá wà. Kò ní ata. Ẹ ra ata gbígbẹ ní ọjà Yeoville ní Joburg bí ẹ kò bá lè ṣe láìsí i. Láàárọ̀, ẹ béèrè *motoho*, ògì okà bàbà kíkan ni, mo ń mu ún lójoojúmọ́ nígbà tí mo wà níbẹ̀. Àsíá funfun lẹ́nu ọ̀nà ilé kan túmọ̀ sí pé ọtí ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, *joala*. Bí wọ́n bá fi igbá kan lọ̀ yín, ẹ tọ́ ọ wò.

Arìnrìnàjò Ìbàdàn

A ti fẹnu kò sí oṣù kẹta, ẹ̀yin Agẹṣin ló borí. Maseru, Thaba Bosiu, Roma, Semonkong fún òru mẹ́ta, lẹ́yìn náà Malealea fún méjì. A ń rò ó pé kí a gba bọ́dà Van Rooyen's Gate jáde láti Malealea.

Ọmọ Ẹ̀gbá Joburg

Ẹ padà gba Maseru, ẹ̀gbọ́n. Van Rooyen's Gate kì í ṣí mọ́jú, ti Maseru Bridge wà ní ṣíṣí tọ̀sán tòru, ọ̀nà rẹ̀ sì yá sí Joburg. Morija wà lójú ọ̀nà yín láti Malealea sí Maseru, ẹ yà síbẹ̀ ní òwúrọ̀: ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà níbẹ̀, ní abúlé tí àwọn míṣọ́nnárì Faransé dá sílẹ̀ ní 1833, wọ́n á sì ní kí ẹ̀yin àti amọ̀nà gòkè lọ wo ojú ẹsẹ̀ dáínósọ̀ lórí àpáta. Kí aago méjì ọ̀sán má bá yín níbẹ̀, kí ẹ lè sọdá kí ilẹ̀ tó ṣú.